Jẹ́-n-wò-ó àti Ilé Bàbá Bírìkìlà

Ìyàwó mi kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tó bá fojú ara rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ó burú; bí wọ́n ṣe dá a ni. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé kó tó lọ ká aṣọ. Bó bá ra wàrà, yóò gbóòórùn rẹ̀ ní ilé ìtajà, yóò tún gbóòórùn rẹ̀ bó bá délé, bí ẹni pé wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, "Ta ló rán ẹ?" Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Jẹ́-n-wò-ó, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i. Ó ní ìfura loògùn àgbà, òun ò sì ní í jẹ́ kí oògùn tòun tán nílé.

Fífọ ilé ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ayálégbé bá kó jáde, àwọn onílé a ké sí i kó wá fọ ibẹ̀ kí ẹlòmíràn tó wọlé. Bí ẹ bá mọ ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn nígbà tó bá ń kó jáde nílé onílé, ẹ ò ní í gba ẹnikẹ́ni láàyè lórí àga yín mọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ló máa ń wà láti òwúrọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, garawa omi ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní kó fi ìkúnlẹ̀ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní í lè dìde mọ́. Jẹ́-n-wò-ó ní kí dókítà fi fọ́tò egungun náà han òun. Wọ́n fi hàn án. Ó ní kí wọ́n fún òun kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Ohun kan náà ni ìyẹn sọ. Inú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ bọ̀ wálé ló ti sunkún, ó sì kọ ojú sí gíláàsì kí n má baà rí i. Mo rí i.

Bó ṣe di pé ó ń wá iṣẹ́ tí kò ní ìkúnlẹ̀ nínú nìyẹn. Àwọn kan wá sọ fún un pé ọkùnrin kan ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ilé ṣòwò láìjẹ́ pé a ní owó ilé lọ́wọ́. Gbólóhùn yẹn nìkan tó láti mú un sá, àmọ́ orúnkún ń dùn ún, ó sì ní òun á lọ fojú ara òun rí irọ́ náà. Ó mú mi dání kí n lè ṣe ẹlẹ́rìí.

Olùkọ́ náà wọ kóòtù tó ń dán, bàtà rẹ̀ sì mú ṣóńṣó. Ó ní kì í ṣe idán. Ó ní kí a wá ẹni tí ilé rẹ̀ ti sú u, kí a bá a ṣe àdéhùn iye kan, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a lè gbé àdéhùn náà fún ẹlòmíràn. Kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, kí a wá olówó tó ń wá ilé tó máa tún ṣe, kí ó san jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Onílé á gba iye tó ní òun fẹ́, olówó á gba ilé, èyí tó bá lé sì di tiwa. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí lẹ wá ń wá lọ́dọ̀ wa?"

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ìfẹ́ ọmọnìkejì ni. Ìyàwó mi yí sí mi, ó ní, "O gbọ́ nǹkan." Ṣùgbọ́n kò dìde. Ó jókòó títí ó fi parí, ó sì gbọ́ òfin kan tó wù ú ju gbogbo ìyókù lọ. Olùkọ́ ní a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olówó àti onílé pàdé kí ọjọ́ ìbuwọ́lùwé tó pé. Ó ní bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á jọ dúnàádúrà, wọ́n á sì fò wá kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Ẹ̀kọ́ yẹn bá ìyàwó mi lára mu gan-an. Nígbà tí a délé, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Òótọ́ wà nídìí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, irọ́ ló kàn gùn ún. Màá já irọ́ yẹn lulẹ̀, màá mú òótọ́ ibẹ̀ lọ."

Mo ní, "Ṣé ìwọ tí o kì í gba èmi ọkọ ẹ gbọ́ lo fẹ́ kí àjèjì gbà gbọ́?"

Ó ní, "Mi ò ní kí wọ́n gbà mí gbọ́. Ìwé ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Ilé tó kọ́kọ́ mú wà ní ìparí òpópónà kan tó máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Koríko ti ga dé ojú fèrèsé, páìpù tó ń gbé omi òrùlé sọ̀ kalẹ̀ sì ti já ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rọ̀ dirodiro. Ó lọ kan ilẹ̀kùn, èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú ti wú, kò ṣeé ṣí mọ́, ni ohùn kan bá dún láti ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ wo?"

"Ẹ ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ wò mí."

"Kọ́kọ́ sọ ohun tó o bá wá kí n tó ṣí i."

Mo bú sẹ́rìn-ín níbi tí mo dúró sí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, mi ò tíì rí ẹni tó ń fura tó o àfi ọjọ́ yẹn.

Bàbá náà kúrú, ejìká rẹ̀ gbòòrò, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí igi. Iṣẹ́ bírìkìlà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gbà wọlé. Àtẹ́rígbà ibẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣí fìlà mi, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè mí ní ẹni gíga rí. Káfíńtà ni mí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń dà mí láàmú.

Mo ní, "Bàbá, àtẹ́rígbà yín yìí mà lọ sílẹ̀ o."

Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó tó mi."

Ó se tíì, ó gbé ife mẹ́ta kalẹ̀. Ìyàwó mi ò mu, ó ń wo bàbá bóyá yóò mu. Bàbá ò mu, ó ń wo ìyàwó mi. Èmi tí òùngbẹ ń gbẹ mu tèmi, àwọn méjèèjì sì yíjú sí mi, wọ́n ń wò mí bóyá màá ṣubú. Nígbà tí mi ò ṣubú, wọ́n gbé ife tiwọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: ìyàwó mi ò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Olùkọ́ ní kí á má sọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ Jẹ́-n-wò-ó kórìíra kí a bo nǹkan mọ́ òun lójú, kò sì lè ṣe é fún ẹlòmíràn. Ó ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni n ó ra ilé yìí. Mi ò lówó ẹ̀. Iye tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́, òun la máa kọ sílẹ̀. Màá wá ẹni tí á rà á. Ohun tó bá fi lé iye yín, tèmi nìyẹn."

"Ìyẹn ni pé o fẹ́ ta ohun tí kì í ṣe tìẹ."

"Ẹ̀yin lẹ máa tà á. Èmi máa kàn wá ẹni tí á rà á ni."

"Bí o ò bá rí i ńkọ́?"

"Bí oṣù yìí bá parí tí mi ò rí i, ìwé náà ti kú nìyẹn. Ilé yín ṣì wà lọ́wọ́ yín."

Bàbá ronú sí i. Ó ní àtẹ̀gùn ti ń dá òun lágara, àyà òun ò sì gbà á mọ́. Àbúrò òun obìnrin ní yàrá kan tó ṣófo tí òun lè lọ lò. Ìyàwó mi bi í bóyá kò ní ọmọ tó lè dúró tì í. Bàbá gbé ife rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé la jọ ń sọ." A ò bi í mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lùwé, ìyàwó mi ka gbogbo ìlà rẹ̀ sókè, bàbá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìka bóyá yóò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ lórí àga.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá olówó. Ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ẹnì kan ní òun á wó ilé náà lulẹ̀ kí òun fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹlòmíràn ná an títí ó fi dà bí ẹni pé àwa la máa san owó fún un. Oṣù ń lọ sí ìparí. Mo ń rí i tó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ bó bá jókòó, ọkàn tèmi náà ò balẹ̀, nítorí mo ti ń fojú inú rí i tó dìde kúrò nídìí garawa pátápátá. Mo fẹ́ kí owó yẹn wọlé. Mi ò ní í purọ́ fún yín.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan pè é lórí fóònù. Ó gbọ́ pé ilé kan wà fún títà ní òpópónà yẹn. Ṣé èyí tó wà ní ìparí ni? Nígbà tí ìyàwó mi sọ iye rẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Ó dáa." Kò ná an rárá. Ìyàwó mi gbé fóònù kúrò létí, ó ń wò ó bí ẹni pé fóònù ló sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Káfíńtà, nǹkan ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

Mo ní, "Ẹni tí kò ná ọjà, ó ní ohun tó ń wù ú nínú ẹ̀. Fi í sílẹ̀ kó rà á."

"Ilé tí òrùlé ẹ̀ ń jò? Tí àtẹ̀gùn ẹ̀ ti kán? Kí ló wù ú níbẹ̀?"

Ó mú ọkùnrin náà lọ wo ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yẹ àyà rẹ̀ wò. Ìyàwó mi ló gba kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n má baà pàdé ló ṣe mú ọjọ́ yẹn, èmi sì tẹ̀ lé wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ nípa igi. Nígbà tí ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì pẹ́ kí ojú mi tó dé òkè. Agùntáṣọọ́lò ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi. Irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kò lọ sí ilẹ̀kùn iwájú. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló gbà tààrà, ìyàwó mi ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Bí ó ṣe ṣí ilẹ̀kùn, ọkùnrin náà tẹ orí ba kó tó dé abẹ́ àtẹ́rígbà, ó wọlé, ó na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, iná sì tàn. Èmi tí mo ti ń bọ̀ nílé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ohun ìtanná wà. Ìyàwó mi já mi léèékánná lápá. Ọkùnrin náà lọ sókè, nígbà tó sì dé ibi tí àtẹ̀gùn ti kán tipẹ́tipẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìwo ilẹ̀. Ó wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, ó dúró lójú fèrèsé ibẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan igi fèrèsé náà. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ ilé náà, pé kí wọ́n mú ọjọ́ ìbuwọ́lùwé. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi ò jẹ́ kí ọkọ̀ náà rìn jìnnà kó tó bú sí mi.

"O rí i? Ó mọ ilé yìí! Ó ti wọ ibẹ̀ rí. Wọ́n ti ń pàdé lẹ́yìn mi. Bàbá yẹn ti fò mí kọjá!"

"Bóyá orí ẹ̀ ló ń gbá nǹkan nígbà gbogbo tó fi máa ń tẹ̀."

"Iná ńkọ́? Àtẹ̀gùn ńkọ́? Àbí ìwọ náà mọ̀ sí i ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń bá yí. Láti ọ̀nà ni mo ti ń dáhùn títí a fi délé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ẹnu mọ́, pé bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ti pàdé, ọkùnrin náà ṣì fẹ́ buwọ́ lu ìwé tirẹ̀, owó rẹ̀ yóò sì wọlé. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ti gba owó rẹ̀ kó sì lọ sinmi orúnkún. Àmọ́ kò sí bí Jẹ́-n-wò-ó ṣe lè mọ̀ pé nǹkan ń lọ lẹ́yìn òun kó má lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ilé bàbá la wà.

Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin àti ọkùnrin yẹn ti ń ríra lẹ́yìn mi."

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó fẹ́ ra ilé. Ẹ ti mú un wọ ibí."

"Èmi ò mú ẹnikẹ́ni wọ ibí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹnikẹ́ni ti wọ ibí, àfi ẹ̀yin méjì yìí, èmi náà ò sì tíì mọ ohun tẹ́ ẹ jẹ́."

"Ta ló wá sọ fún un pé iná wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù? Ta ló fi àtẹ̀gùn tó kán hàn án? Èmi fojú ara mi rí i. Kó tó dé àtẹ́rígbà yìí ló ti tẹrí ba!"

Bàbá ti ń ṣí ẹnu láti jà, ó wá pa á dé. Ó fa àga, ó jókòó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn.

"Ó ga?"

"Ó ga bí òpó iná," ìyàwó mi dáhùn. Ìbínú ò tíì tán lójú rẹ̀.

"Ó tẹrí ba kó tó débẹ̀?"

"Mo ní mo rí i."

Bàbá na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ni òun bí, ọkùnrin ni. Nígbà tó dàgbà, ó ga ju òun lọ, àtẹ́rígbà yẹn sì ń gbá a lórí bó bá ń wọlé bó bá ń jáde. Ọmọ náà ní kí àwọn gbé e sókè. Òun ní ilé òun ni, òun kọ́ ọ bó ṣe tó òun, ẹni tó bá ga ju ilé òun lọ kó tẹ̀ tàbí kó jáde. Ọ̀rọ̀ àtẹ́rígbà di ọ̀rọ̀ gbogbo nǹkan. Ó tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n tẹ̀, lẹ́yìn náà ló jáde.

"Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra," bàbá wí. "Ọ̀tún ni mo fi nà á. Òsì yẹn, mo fi í sápò."

Èmi àti ìyàwó mi ò lè wo ojú ara wa. Ẹlẹ́tàn ni ìyàwó mi sọ òkò ọ̀rọ̀ sí, àmọ́ ará ilé ni òkò náà bà. Bàbá nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

"Kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ mi ni òun?"

"Kò sọ nǹkan kan," ìyàwó mi wí. Ohùn ìfura ti padà sí i lẹ́nu, àmọ́ bàbá kọ́ ló ń fura sí mọ́. "Bàbá, kí ni ọmọ fẹ́ fi ilé bàbá ẹ̀ ṣe tó fi ń rà á ní bòókẹ́lẹ́?"

Bàbá ní, "Ohun tí mo ń bi ara mi náà nìyẹn. Bóyá ó fẹ́ lé mi jáde bí mo ṣe lé e." Ó gbé ọwọ́ sórí tábìlì. "Mi ò tà mọ́. Sọ fún un pé mi ò tà mọ́. Bó bá ní ohun tó fẹ́ níbí, kó wá gbà á lójú mi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi pe Olùkọ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà látibi tí mo jókòó sí. "Ìwé ló ń sọ̀rọ̀, ìyá! Oṣù ò tíì parí. Ẹ di ìwé yín mú, bàbá yẹn ò lè yẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àánú ṣe yín o." Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Èmi náà ní, "Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ kúkú dáa. Ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ò kàn wá. Jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lùwé, ká gba tiwa, kí wọ́n wá jà lẹ́yìn wa."

Ó wò mí. Ó ní, "Olówó orí mi, bó bá jẹ́ ìjà ló bá wá ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ju ẹrù arúgbó yẹn síta ńkọ́? Èmi ni mo máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìwé náà fún bàbá. Bàbá bi í léèrè bóyá kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó ní, "Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni, Bàbá. Ẹ gbà á." Ó ní ohun kan péré ni òun ń tọrọ, pé lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá wá, òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣì ń rò ó pé àwọn méjèèjì lè jọ gbìmọ̀ kí wọ́n má baà san owó òun. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tó délé, ó gba iṣẹ́ ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú rẹ̀, èmi sì gé pákó kékeré kan fún un, mo na fóòmù lé e lórí, kí ó máa kúnlẹ̀ sí i. Inú mi ò dùn bí mo ṣe ń kàn án.

Ó pe Agùntáṣọọ́lò. Ó ní, "Mo ti mọ ẹni tó bí yín." Ọkùnrin náà ní, "Ṣé ó ti mọ̀?" Ìyàwó mi ní ó ti mọ̀, pé ó ní òun ò tà mọ́, àti pé kó wá bá òun lójúkojú. Ó bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ilé náà ṣe?" Fóònù ti kú.

Ìyàwó mi sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá bó ṣe gbọ́ ọ, títí kan ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn. Bàbá mi orí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Káfíńtà, mú ayùn àti òòlù ẹ wá lọ́la. A máa gbé àtẹ́rígbà yìí sókè."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò tíì mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe."

Ó ní, "Mo mọ ohun tí èmi fẹ́ ṣe."

Èmi tú férémù ilẹ̀kùn, mo sì gé igi tuntun. Gbogbo iṣẹ́ ògiri, bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń jókòó lórí garawa, ó ń dìde, ó ń po símẹ́ǹtì, ó sì ń bú mi pé mo ń ṣíji bò ó. Nígbà tí a fẹ́ mọ ibi tí a máa gé e dé, ó ní kí ìyàwó mi wá, ṣebí òun ló fojú ara rẹ̀ rí ọmọ náà. Jẹ́-n-wò-ó gun àpótí, ó gbé ọwọ́ sí ibi tí orí ọkùnrin náà dé.

Bàbá ní, "Ẹ lé díẹ̀ sí i."

"Bàbá, ibi tó dé nìyí."

"Mo ní ẹ lé díẹ̀ sí i. Ó lè ti ga sí i."

"Àgbàlagbà ni, Bàbá. Irun ẹ̀ ti ń funfun. Kò lè ga mọ́."

"Lé e!"

A lé e. A fi igi tì í, símẹ́ǹtì sì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀sán ti ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo yọ àwọn igi náà, ọkọ̀ dúró níwájú ilé. Bàbá ti wà lórí àga nínú ilé ìdáná, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ìyàwó mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, ó di apá mi mú. Mo mọ̀ pé ó ń dúró de ìjà. Èmi náà ń dúró dè é, mo sì ti gbé òòlù mi kúrò nítòsí.

A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò wòkè. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹrí ba, ó tẹ ejìká rẹ̀ náà, ó tẹ̀ dáadáa bí ó ṣe máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, àlàfo tó wà lókè rẹ̀ sì tó orí ẹlòmíràn.

"Gbé orí sókè," bàbá wí.

Ó dà bí ẹni pé ọkùnrin náà rò pé wọ́n ń bú òun ni. Kò mira. Ó wà ní títẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta.

"Mo ní gbé orí sókè, ọmọ mi. Kò ní í gbá ẹ mọ́."

Ó na ọwọ́ sókè kó tó gbé orí. Ó ń wá àtẹ́rígbà náà níbi tó mọ̀ ọ́n sí, kò sì bá a níbẹ̀. Ọwọ́ náà ń lọ sókè, ó ń lọ, títí ó fi na apá rẹ̀ tán tí ó fi kan símẹ́ǹtì tuntun. Ó mú ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo eérú símẹ́ǹtì tó wà níka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró gangan lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí èmi kò tíì gbá, ó ní òun ò mọ ọ̀nà mìíràn tí òun lè fi padà wálé ju kí òun ra ilé náà lọ.

Ìyàwó mi já mi léèékánná lápá.

"O rí i?" ó wí sí mi létí. "Mo sọ fún ẹ. Mo ní ó mọ ilé yìí."